Gíà Kẹta sí Ìkejì: Kí Gíà Má Ké, Kí Ọkọ̀ Má Ta Gìrì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Gwarinpa ni mo ń gbé ní Àbújá. Mo ní MGB ọdún 1973, ọkọ̀ asáré kékeré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onísítíárìn apá òsì, èyí tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà. Ó ń sáré dáadáa. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Mpape, tí mo fẹ́ yí gíà láti ìkẹta sí ìkejì, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn gíà á ké kẹ̀rẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Nígbà mìíràn á wọlé, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì báyìí, ọkọ̀ á ta gìrì, táyà ẹ̀yìn á sì han. Mẹkáníìkì mi ní ká tú gíábọ́ọ̀sì. Ṣé kí n gbà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún kọ́ mi bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń yí gíà wálẹ̀ tí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kì í mọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú u. Lára MGB, gíábọ́ọ̀sì kì í dá gba abẹ́ ọkọ̀ jáde. Ẹ́ńjìnì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ jáde, tàbí kí àwọn méjèèjì jọ jáde. Iṣẹ́ ńlá ni, owó ńlá sì ni. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí lè jẹ́ ti gíábọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ ti kílọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi náà. Ẹ ó rí àyẹ̀wò tí ẹ lè fi mọ èyí tó jẹ́ níwájú.

Kíké àti títa gìrì kì í ṣe àrùn kan náà. Ọ̀pọ̀ awakọ̀, títí kan àwọn tó ti pẹ́ nídìí sítíárìn, ló ń kó méjèèjì pọ̀, wọ́n á ní "gíà yìí ò dáa." Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń ṣẹlẹ̀, oògùn wọn ò sì jọra.

Ẹ wò ó báyìí. Láàárín ẹ́ńjìnì àti táyà, ọ̀pá kan wà tó ti inú gíábọ́ọ̀sì yọ orí síta, òun ni kílọ́ọ̀ṣì pílétì wọ̀ sí lórí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọ̀pá àárín. Tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀pá yìí bọ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì. Tí ẹ bá fi gíà sí fíríì, ó bọ́ lọ́wọ́ táyà náà. Nígbà tí ẹ bá ń kúrò ní gíà kẹta lọ sí ìkejì, ìgbà díẹ̀ wà tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tó kàn ń dá yí, tí ìyípo rẹ̀ sì ń rọlẹ̀.

Ìpàdé àkọ́kọ́ ni ìgbà tí ọ̀pá yìí fẹ́ bá gíà kejì so pọ̀, bí ọwọ́ yín ṣe ń fa lífà. Alárinà wà níbẹ̀, òun ni síńkírò: òrùka idẹ kan tó máa ń fi inú rẹ̀ ra ara gíà, tí á sì dí ọ̀nà, tí kò ní jẹ́ kí eyín wọ inú eyín títí ìyípo àwọn méjèèjì á fi dọ́gba. Tí òrùka yìí bá ti jẹ, tàbí tí ọwọ́ yín bá yá jù ú lọ, eyín á kan eyín. Kẹ̀rẹ̀rẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn.

Ìpàdé kejì ni ìgbà tí ẹ bá ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, tí ẹ́ńjìnì fẹ́ bá ọ̀pá àárín so pọ̀ padà. Alárinà kankan ò sí níbẹ̀. Tí ẹ́ńjìnì bá ń yí díẹ̀, tí ọ̀pá ń yí púpọ̀, táyà ẹ̀yìn ló máa fi agbára fa ẹ́ńjìnì sókè. Ara ọkọ̀ á ta gìrì, tí ilẹ̀ bá sì ń yọ̀, táyà á dúró gan-an dípò kó yí.

Ẹ rántí kọ̀ńdọ́ tó máa ń sọ̀ lára bọ́ọ̀sì tí kò tíì dúró. Kì í dúró ṣánṣán fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Sáré ló máa ń fi bọ́ sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa lọ bí bọ́ọ̀sì ṣe ń lọ kó tó jọ̀wọ́ irin. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ á gbé e lulẹ̀. Ohun tí ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn kí kílọ́ọ̀ṣì tó mú un: kó ti máa sáré bí gíà tuntun ṣe fẹ́. Gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ yìí, bí a ṣe máa ṣe é ni.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i, nítorí ẹni tó bá mọ nọ́ńbà rẹ̀ kì í fi àfojúdá gún tọ́rótù. (Tọ́rótù ni mo ń pe pẹ́dàlì tí a fi ń fún ẹ́ńjìnì lépo.) Gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ ọdún 1973 ní síńkírò lórí gíà iwájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìṣirò wọn, ìyẹn iye ìgbà tí ọ̀pá àárín ń yí kí ọ̀pá tó ń lọ sọ́dọ̀ táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ni 3.44 fún ìkíní, 2.167 fún ìkejì, 1.382 fún ìkẹta, àti 1.00 fún ìkẹrin. Tí ẹ bá pín 2.167 sí 1.382, ẹ ó rí 1.57. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá ń bọ̀ láti gíà kẹta sí ìkejì láì dín eré kù, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ gòkè ju bó ṣe wà lọ ní ìdajì rẹ̀ àti díẹ̀ sí i. Láti ìkẹrin sí ìkẹta, kò tó ìdajì: 1.38.

Pẹ̀lú táyà tó wọ̀n bí ti ilé iṣẹ́, ìyípo 1,000 ní ìṣẹ́jú kan ń gbé ọkọ̀ yín lọ ní nǹkan bí 29 km/h ní gíà kẹrin, 21 ní ìkẹta, 13 ní ìkejì, 8 ní ìkíní. Nítorí náà, ní 40 km/h, ẹ́ńjìnì wà ní bí 1,900 ní gíà kẹta. Ní gíà kejì, 3,000 ló yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n kí lẹ ń ṣe báyìí? Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò pátápátá, ẹ́ńjìnì sì ń já bọ̀ láti 1,900 lọ sí 1,200, ó ń wálẹ̀ sí i. Ẹ wá jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Láti 1,200 sí 3,000 lójú ẹsẹ̀, táyà méjì tó wà lẹ́yìn ló ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn. Kò lè má han.

Nọ́ńbà yìí kan náà ló ń sọ ibi tí ewu wà. Ní 100 km/h, gíà kejì á béèrè ìyípo tó lé ní 7,500 lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì tí ojú míta rẹ̀ (èyí tó ń ka ìyípo, kì í ṣe ti eré) ti pupa láti 6,000. Kò sí síńkírò tó máa kìlọ̀ fún yín. Tí lífà bá ti wọlé tí ẹ jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, fáàfù lè pàdé písítìn. Ẹ fi sọ́kàn: ẹ má wọ gíà kejì tí eré bá ju 60 lọ, ẹ má wọ ìkẹta tí ó bá ju 100 lọ. Gíà kìíní kì í ṣe ti rírọ eré rárá. Ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, bíi níwájú bọ́ǹpù àdúgbò tó ga.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn, láìfi bíréèkì kún un. Ẹ wá ọ̀nà tó tẹ́jú, tó gbòòrò, tí ọkọ̀ ò pọ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹ wà ní 60 km/h ní gíà kẹrin. Míta á máa fi nǹkan bí 2,100 hàn. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀. Bí lífà ṣe ń kúrò ní ìkẹrin tó ń gba fíríì kọjá, ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gún tọ́rótù lẹ́ẹ̀kan kí ẹ́ńjìnì kọ dé bí 3,100. Ẹ ti lífà sí ìkẹta. Nígbà tí ẹ ó fi máa gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, ẹ́ńjìnì á ti wálẹ̀ díẹ̀ sí 2,900 tí gíà kẹta ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gún un kọjá díẹ̀, kì í ṣe kó bá a dọ́gba gẹ́lẹ́. Tí ó bá pé, ẹ ò ní mọ ìgbà tí kílọ́ọ̀ṣì mú un. Ohùn ẹ́ńjìnì nìkan ló máa yí padà. Tí imú ọkọ̀ bá tẹrí ba nígbà tí ẹ jọ̀wọ́, ẹ ò gún un tó. Tí ọkọ̀ bá sún síwájú bí ẹni pé ẹ fún un lépo, ẹ gún un jù.

Fúláíwíìlì ẹ́ńjìnì MGB, ìyẹn àgbá irin tó ń bá ẹ́ńjìnì yí lẹ́yìn rẹ̀, wúwo. Kì í yára gòkè, kì í sì yára wálẹ̀ bíi ti ọkọ̀ ìsinsìnyí. Nítorí náà, gígún náà kì í ṣe bí ẹni ta iná lù. Ó ń gbà tó ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó gbọ́, kí ẹ tó jọ̀wọ́. Ẹni tó bá kàn fẹsẹ̀ kàn án fẹ́ẹ́, 300 péré ló máa rí. Àǹfààní tó wà nínú wíwúwo yìí ni pé ẹ́ńjìnì á dúró dè yín díẹ̀ lókè, ẹ ò ní láti kánjú.

Ọwọ́ náà ní tirẹ̀. Pẹ̀lú sítíárìn apá òsì, ọwọ́ ọ̀tún ló wà lórí lífà, ìlà kẹta àti kẹrin ló jìnnà sí yín, ti ìkíní àti ìkejì ló sún mọ́ itan. Tí ẹ bá ń lọ láti ìkẹrin sí ìkẹta, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti orí lífà lọ síwájú, pẹ̀lú agbára díẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, kó má baà yà sí ìkíní. Láti ìkẹta sí ìkejì, ẹ má ṣe fa lífà ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ìrìn mẹ́ta ni: ẹ fà á bọ́ sí fíríì, ẹ fi ìka tì í wá sápá òsì kó fara kan ògiri, ẹ wá fà á sẹ́yìn. Ẹni tó bá já a ní ìdagẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ń fún síńkírò kejì níṣẹ́ jù, ó sì tún ń fi ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀kì tó ń ti gíà nínú gíábọ́ọ̀sì gbo irin. Ìka mẹ́ta tó láti yí gíà. Tí ẹ bá ti ń di orí lífà mú bí ẹni di ọmọ odó, agbára yín ti ju ohun tí síńkírò fẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì ló wá kàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ìdààmú yín lórí òkè Mpape wà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí bíréèkì, ẹsẹ̀ òsì wà lórí kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ wo ló máa gún tọ́rótù? Ẹsẹ̀ ọ̀tún kan náà ni. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní gìgísẹ̀-àti-ọmọìka, orúkọ yẹn sì ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, wọ́n á máa lọ́ kokósẹ̀ bí ẹni tí iṣan fà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré ayé ọjọ́un, pẹ́dàlì méjèèjì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò nílò gìgísẹ̀ rárá. Ẹ gbé ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ lé apá ọ̀tún pẹ́dàlì bíréèkì, kí ìdajì àtẹ́lẹsẹ̀ yọ síta sápá tọ́rótù. Ẹ fi bíréèkì rọ eré bí ẹ ṣe ń ṣe. Tó bá tó àkókò, ẹ yí ẹsẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́, láti orúnkún, bí ìgbà tí ènìyàn ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú àgádágodo, kí ẹ̀gbẹ́ ibi ọmọńdinrín tẹ tọ́rótù. Ìdí àtàǹpàkò ò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà, agbára rẹ̀ lórí bíréèkì ò sì gbọ́dọ̀ pọ̀ tàbí dín. Ohun tó le nínú rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá àkọ́kọ́, bíréèkì ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gún tọ́rótù, ọkọ̀ á sì wólẹ̀ níwájú. Ẹ má ṣe kọ́ ọ níbi tí ọkọ̀ wà lẹ́yìn yín.

Àgbàlá ilé ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, gíà wà ní fíríì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ tẹ bíréèkì bí ìgbà tí ẹ fẹ́ dúró níwájú iná pupa, ẹ wá máa yí ẹsẹ̀ láti gún tọ́rótù, kí míta máa kọ láti 1,000 dé 3,000, nígbà ogún, ọgbọ̀n. Ẹ fọkàn sí àtẹ́lẹsẹ̀: tí bíréèkì bá ń rì sí i nígbà kọ̀ọ̀kan, kò tíì yá láti jáde sí títì. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ni kí ẹ wọ̀. Sálúbàtà ò ṣe é fi wa ọkọ̀ báyìí, bàtà ńlá oníṣẹ́ náà á tẹ tọ́rótù àti bíréèkì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Tí ẹsẹ̀ yín ò bá dé tọ́rótù, ó lè má jẹ́ ẹ̀bi ẹsẹ̀. Ẹ tẹ bíréèkì gidi, ẹ wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ti tọ́rótù. Ó yẹ kí ojú bíréèkì ṣì ga ju ti tọ́rótù lọ ní sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì. Tó bá rì kọjá rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ wà nínú páìpù, tàbí kí bíréèkì ẹ̀yìn ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù. Ti MGB kì í ṣe èyí tó ń dá ara rẹ̀ sún. Ẹ̀yìn pílétì bíréèkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ọ̀tì olórí igun mẹ́rin kan. Ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀, ẹ yí i wọlé títí táyà ò fi ní yí mọ́, ẹ wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí táyà á fi yí fàlàlà. Pẹ́dàlì á gòkè lójú ẹsẹ̀. Wáyà tọ́rótù náà, tó bá dẹ̀, ẹ fà á le díẹ̀, kí ẹ́ńjìnì dáhùn bí ẹsẹ̀ ṣe kàn án.

Tí ẹ́ńjìnì bá ń húkọ́ tàbí tó ń lọ́ra nígbà tí ẹ bá gún un, ẹ ṣí ìdérí dúdú tó wà lórí kábúrétọ̀ SU méjèèjì, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀. Òróró yẹ kó wà nínú ihò yẹn, òróró ẹ́ńjìnì tó fẹ́lẹ́, kó ga ju orí ọ̀pá oníhò inú rẹ̀ lọ ní nǹkan bíi mílímítà 13. Bó bá ti gbẹ, písítìn kábúrétọ̀ á fò sókè jù, afẹ́fẹ́ á pọ̀ ju epo lọ, ẹ́ńjìnì á sì húkọ́ gẹ́lẹ́ nígbà tí ẹ fẹ́ kó dáhùn. Nígbà ọyẹ́, eruku tún ń dí fílítà. Ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù Kọkànlá lọ.

Èyí tí mo ti sọ títí di ìsinsìnyí, ìpàdé kejì ló ń tún ṣe, ìyẹn títa gìrì. Tí ẹ bá gún tọ́rótù nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì wà nísàlẹ̀, ọ̀pá àárín ò gbọ́ nípa rẹ̀, nítorí ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì. Síńkírò ṣì ń dá gbé ọ̀pá yẹn sókè. Tí gíà bá ń ké, ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni oògùn rẹ̀, èyí tí àwọn awakọ̀ tírélà àtijọ́ mọ̀ bí ẹni mọ orúkọ. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fa lífà sí fíríì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì pátápátá. Nísinsìnyí tí ẹ́ńjìnì àti ọ̀pá àárín ti so pọ̀, ẹ gún tọ́rótù. Ọ̀pá á bá ẹ́ńjìnì gòkè. Ẹ tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fa lífà sí ìkejì kíákíá kí ìyípo tó rọlẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Síńkírò ò níṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́. Tí ẹ bá gún un dáadáa, lífà á wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ bọ́tà. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, nítorí ó dà bí ẹni pé gíà ló fa lífà mọ́ra fúnra rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn gún tọ́rótù kí ẹsẹ̀ òsì tó kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì tán. Ariwo á wà, àǹfààní ò ní sí. Àṣìṣe kejì ni kí ó pẹ́ ní fíríì lórí òkè, kí ọkọ̀ máa fi ara rẹ̀ sáré sí i nígbà tó ń wá gíà. Ẹ máa fi ẹnu ka á nígbà ìkọ́ni: "tẹ̀, fíríì, jọ̀wọ́, gún, tẹ̀, fà, jọ̀wọ́." Kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀ lọ tó bá ti mọ́ yín lára.

Fún Mpape, ẹ má dúró dé àárín ìsọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó ronú gíà. Orí òkè, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ni kí ẹ ti mú gíà kẹta tàbí ìkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá gbé e lọ sí Jos tí ẹ sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè Hawan Kibo: gíà tí ẹ máa fi sọ̀, kó ti wà lọ́wọ́ kí imú ọkọ̀ tó dojú kọ ìsàlẹ̀. Ẹ́ńjìnì á di ọkọ̀ mú, bíréèkì ò ní gbóná débi tí pẹ́dàlì á fi rọ̀. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, bíréèkì ni kí ẹ fi dín eré, ẹ má fi kílọ́ọ̀ṣì ṣe é. Páàdì bíréèkì ni à ń pààrọ̀ ní wákàtí kan. Kílọ́ọ̀ṣì MGB, ẹ́ńjìnì ló gbọ́dọ̀ jáde.

Nígbà òjò àkọ́rọ̀, ẹ ṣọ́ra gidi. Eruku ọyẹ́ tó ti bo títì láti oṣù mélòó kan á di bí ọṣẹ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì ń wa táyà ẹ̀yìn, tí bíréèkì ti gbé ìwúwo rẹ̀ lọ síwájú, tí ẹ wá jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì láìgún tọ́rótù: ìdí rẹ̀ á yà jáde kí ẹ tó pa ojú dé. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ parí gbogbo yíyí gíà kí ẹ tó yí sítíárìn, ẹ sì fi gíà kan sókè ju èyí tí ẹ máa ń lò.

Àyẹ̀wò tí mo ṣèlérí nìyí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, ẹ ka ení dé àrún, ẹ wá fi gíà sí rìfáàsì, tí kò ní síńkírò. Tó bá wọlé láìké, kílọ́ọ̀ṣì ń jọ̀wọ́ dáadáa. Tó bá ké, kílọ́ọ̀ṣì ṣì ń fa ọ̀pá àárín, ìyẹn nìkan sì lè mú gíà kejì ké láìsí ohun tó ṣe síńkírò. Ẹ wo omi bíréèkì inú ọ́pà kílọ́ọ̀ṣì (sílíńdà òkè tí pẹ́dàlì ń tì), ẹ wo lówà kílọ́ọ̀ṣì (sílíńdà ìsàlẹ̀) lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì bóyá ó ń jò, kí ẹlòmíràn máa tẹ pẹ́dàlì kí ẹ rí i bóyá ọ̀pá rẹ̀ ń rìn tó ìdajì íńṣì. Ẹ wo ìdí pẹ́dàlì fúnra rẹ̀ gan-an: píìnì kékeré tó so ó mọ́ ọ́pà kílọ́ọ̀ṣì máa ń jẹ, ihò tó wọ̀ á sì di gbọọrọ bí ẹyin. Píìnì tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan lè jẹ ìdámẹ́ta ìrìn pẹ́dàlì. Róbà páìpù tó ti darúgbó náà á máa wú dípò kó gbé agbára dé ìsàlẹ̀. Ẹ má sì máa gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ ò bá lò ó; bẹ́árìn kílọ́ọ̀ṣì MGB kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù irin, èédú líle ni wọ́n fi ṣe é, ẹsẹ̀ tó sinmi lé e ló ń lọ̀ ọ́.

Tí gíà rìfáàsì bá dákẹ́, òróró ló kàn. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n dà sínú gíábọ́ọ̀sì gbẹ̀yìn. Ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn, òróró ẹ́ńjìnì ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Òróró gíà tí wọ́n kọ GL-5 sí lára ni kí ẹ sá fún nínú gíábọ́ọ̀sì tó ní òrùka idẹ: ó ń yọ̀ jù, òrùka ò ní rí ohun mú, èròjà inú rẹ̀ sì lè jẹ idẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin fún gbogbo ọkọ̀. Porsche 911 àtijọ́, gíábọ́ọ̀sì àti difíránṣà rẹ̀ (gíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) wà nínú ilé kan, òróró kan náà ni wọ́n ń mu, síńkírò rẹ̀ kì í sì í ṣe irú tiyín. Èyí tó ní gíábọ́ọ̀sì 915, láti 1972 dé 1986, kórìíra ìkánjú ju MGB lọ. Ìsinmi díẹ̀ ní fíríì ló ń fẹ́. Ẹni tó bá sì fi Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná kọ́ ọkọ̀, lífà ẹ̀gbẹ́ sítíárìn gígùn yẹn ti kọ́ ọ ní sùúrù ọwọ́ láìmọ̀.

Ẹ gbé ọkọ̀ jáde nígbà tí gíábọ́ọ̀sì bá ti gbóná, ó kéré tán lẹ́yìn ìrìn kìlómítà 15, nítorí gíà kejì tó le ní àárọ̀ ọyẹ́ kì í ṣe àrùn. Ní 40 km/h, ẹ fi ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì yí i láti ìkẹta sí ìkejì ní ìgbà mẹ́wàá. Tó bá dákẹ́ nínú ìgbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, tó ń ké nìkan tí ẹ bá fi ìtẹ̀ kan kánjú, òrùka kejì ti ń jẹ, ṣùgbọ́n ẹ lè wà á báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tó bá ń ké pẹ̀lú ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ gún dáadáa, tàbí tí lífà bá ń ta jáde kúrò ní gíà fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, ẹ tú òróró rẹ̀ sínú ike funfun kí ẹ wò ó lójú oòrùn. Eruku idẹ tó rí bí ìyẹ̀fun, ìyẹn ò ju ọjọ́ orí lọ. Èérún irin tí ìka lè mú, tí mágínẹ́ẹ̀tì sì ń gbé, eyín gíà nìyẹn. Nígbà náà ni kí ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín pé kó tú u, kí ẹ sì ti ra òrùka síńkírò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kílọ́ọ̀ṣì pílétì àti bẹ́árìn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnì tó kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, nítorí ọkọ̀ tó bá ti wà ní títú tí à ń dúró de páàtì láti òkè òkun, nọ́ọ̀tì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.